Àbùùbùtán: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìrìn-àjò Ojú Omi láti Bàrígà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé pélébé kan tí mo gbé lọ tẹ̀ ní Ṣómólú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ́kànlá ń múra láti lọ sí Kùtọ̀nú nínú oṣù Ògún, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ẹranko òkun tí a ń pè ní àbùùbùtán. Mo kọ ojú ewé méjì nípa ohun tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mọ̀ àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ mú dání. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé kò sí irú ìwé tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú. Ọmọkùnrin tí ó ń bá mi to ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà wo iṣẹ́ mi, ó mi orí, ó sì fi "ẹja" síwájú "àbùùbùtán" níbi gbogbo tí ó ti fara hàn. "Ẹ má bínú, sà," ni ó wí, "ẹ gbàgbé ẹja níbẹ̀. Ẹja àbùùbùtán ni wọ́n máa ń pè é." Mo ní kí ó yọ ọ́ kúrò. Ó yọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà pẹ̀lú mi.

Nígbà tí mo dé ilé ni mo tó rí i pé ọmọ náà kò jẹ̀bi tán. Ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mí bíi tiwa, ó ń bí ọmọ láàyè, ó sì ń fún un lọ́mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "ẹja" ti wà lẹ́nu Yorùbá kí àwọn onímọ̀ tó pín àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí. Ohun tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, tí ó ní lẹbẹ, tí ènìyàn sì lè jẹ ẹran rẹ̀, ẹja ni lójú àwọn baba wa. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pàápàá, "ẹja ńlá" ni wọ́n kọ nínú ìtàn Jónà. Àwọn mìíràn a máa pe ẹranko yìí ní erinmi, èyí tí í ṣe erin omi. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ẹranko odò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ń gun òkè wá jẹ koríko lóru ni ó ni orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá tú orúkọ náà gan-an palẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "bù" ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń bu ọbẹ̀, tí a ń bu ẹran, tí a ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a tún ọ̀rọ̀-ìṣe náà pè pẹ̀lú ìyísódì, a sì fi "tán" kádìí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nínú "àwíìwítán" àti "àkàìkàtán". Ohun tí a bù, tí a tún bù, tí kò tán. Ẹ kíyè sí ohun tí orúkọ yìí kò sọ. Kò sọ bí ẹranko náà ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kò sọ bí ó ṣe ń mí, kò mẹ́nu kan ohùn rẹ̀ tàbí ìfò rẹ̀. Ẹni tí ó dúró lórí iyanrìn pẹ̀lú ọ̀bẹ àti agbọ̀n ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Òkú rẹ̀ tí òkun tì sí èbúté ni a mọ̀.

Èyí kò yà mí lẹ́nu rárá, nítorí ìtàn etíkun wa ni ó fà á. Láyé àtijọ́, láti ẹnu odò Volta títí dé Èkó, kò sí ibùdókọ̀ tí ó fara sin fún ìjì. Ìgbì ń fọ́ lu iyanrìn láìsinmi, ẹnu ọ̀nà Èkó tí ó ṣí sílẹ̀ pàápàá sì ní òkìtì yanrìn lábẹ́ omi nígbà náà, tí ó sọ ọ́ di ewu fún ọkọ̀ ńlá. Lẹ́yìn iyanrìn yìí ni ọ̀sà wà, tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Láti Èkó, ènìyàn lè gba orí ọ̀sà dé Àgbádárìgì, kí ó sì dé Àjàṣẹ́, láì fi ojú kan òkun. Kí ni ẹni tí ó ní irú ọ̀nà báyìí ń wá lọ sínú ìgbì? Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún, nígbà tí àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń ra ẹrú àti ọjà ní Ouidah, láti etíkun Gáńà ni wọ́n ti ń háyà àwọn atukọ̀ tí ó lè la ìgbì kọjá. Òpìtàn Robin Law ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní 1989.

Àwọn Ìlàjẹ yàtọ̀ ní tiwọn. Etí òkun gan-an ni ilé wọn wà, ní apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí a ti tẹ Ayétòrò dó ní 1947, ìlú tí òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Àwọn ìbátan wọn pọ̀ ní Bàrígà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe apá kan àdúgbò náà ní Ìlàjẹ. Ibẹ̀ ni mo lọ láti béèrè ọ̀rọ̀. Mo bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oo, káàárọ̀, tíṣà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Mo fẹ́ bi yín bóyá ẹ ti rí àbùùbùtán rí."

Bàbá gbé ojú sókè. "Òkú rẹ̀ ni, àbí òun fúnra rẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti fi bí ogún ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ èdè, kò sí ẹni tí ó tíì fi ìbéèrè kan ṣoṣo tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀ fún mi báyìí rí. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni. Bàbá ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti rí i nígbà tí òun ṣì ń lọ sí òkun. "Èémí rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Ó máa ń dún fùùù, bí ìgbà tí táyà bá jò. Tí o bá ti gbọ́ ọ, pa ẹ́ńjìnnì, kí o jókòó jẹ́ẹ́. Òun ni ó ni ibẹ̀."

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fi wò. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá láti Amẹ́ríkà, pàápàá láti Nantucket àti New Bedford, ti ń kiri òkun ayé láti pa àbùùbùtán nítorí òróró rẹ̀ tí a fi ń tan fìtílà. Ní 1935, Charles Haskins Townsend kó àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ó lé ní 1,600, ó sì fi àmì sí ibi tí wọ́n ti pa àbùùbùtán tí ó lé ní 50,000 lórí àwòrán ayé. Àmì náà pọ̀ ní apá tiwa, ní àyíká erékùṣù Annobón àti etíkun Gàbọ́ọ̀nù. Àwọn ará Norway tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọkọ̀ onírin àti ìbọn. Ní Cap Lopez ní Gàbọ́ọ̀nù, láàárín 1949 sí 1952, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí tí iye tí wọ́n ń rí fi já wálẹ̀ pátápátá. Ní 1963 ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ náà fòfin de pípa irú èyí ní gúúsù ayé, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Soviet ṣì ń pa wọ́n ní bòókẹ́lẹ́. Ní 1982 ni àjọ kan náà pinnu pé kí gbogbo pípa fún òwò dúró, ìpinnu náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Ohun tí a sọ pé a kì í bù tán, wọ́n bù ú títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Irú tí mo ń sọ ni èyí tí Òyìnbó ń pè ní humpback, tí èmi ń pè ní àbùùbùtán abuké nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nítorí bí ó ṣe ń ká ẹ̀yìn kò nígbà tí ó bá fẹ́ rì. Ọmọ tuntun rẹ̀ gùn tó dánfó kan. Ìyá rẹ̀ tó dánfó mẹ́ta tí a tò tẹ̀léra wọn. Omi tútù Antarctica ni wọ́n ti ń jẹun, wọn a sì wá sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wa láti bímọ àti láti gùn. Akọ wọn a máa kọrin, orin gígùn tí wọ́n ń tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Roger Payne àti Scott McVay ti fi hàn ní 1971. Ní 2001 ni Koen Van Waerebeek àti àwọn onímọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ gbé ìwé kan síwájú àjọ àgbáyé náà pé ìyawọ̀ òkun tí ó wà níwájú Kùtọ̀nú jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń bísí i. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé àlejò jáde láti Kùtọ̀nú lọ wò wọ́n ní àsìkò wọn. Èyí ni pé àwọn ẹranko yìí ń tọ́ ọmọ níwájú ilé wa lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀.

Ó kù díẹ̀ nípa ìmúrasílẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé àsìkò tí àbùùbùtán ń wá, láti nǹkan bí oṣù Agẹmọ dé Ọ̀wàrà, ni ìgbì òkun wa máa ń le jù. Nítorí náà, ẹni tí kò bá wọ ẹ̀wù agbéniléfòó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní life jacket, tí kò sì so okùn rẹ̀ pinpin, kò ní bá wa wọ ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ oúnjẹ olóròóró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Búrẹ́dì gbígbẹ àti ata ilẹ̀ dára fún ẹni tí òòyì ń kọ́. Ẹ mú ẹ̀wù òjò, fìlà tí ó ní okùn, àti pẹ́ńsù, nítorí omi yóò fọ yíǹkì dànù. Ẹ má gbàgbé ìwé ìrìnnà fún ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí a bá rí wọn, ọkọ̀ wa kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn ju mítà 100 lọ, a kò sì ní bọ́ sí àárín ìyá àti ọmọ.

Kí a tó lọ, a ó kọ́kọ́ fi ọ̀sà dánra wò láti Bàrígà. Lékeléke àti àwòdì kò ní wọ́n wa, a ó sì rí ewéko water hyacinth, tí ó gba ojú omi láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà ní 1984, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ títí di òní. Ẹranko ọ̀sà ńlá tí ń jẹ koríko, manatee, ṣòro láti rí. Àdéhùn ìdáàbòbò rẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Lomé ní 2008 kò tíì mú kí ó pọ̀ lọ́sà wa.

Ohun kan ń dùn mí lọ́kàn. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá yìí, mẹ́ta péré ni ó mọ ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni etí ọ̀sà ni púpọ̀ nínú wọn dàgbà sí, tí wọ́n ń wo omi láti orí afárá lójoojúmọ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dúpẹ́, ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun nìkan ni mo bí. Ṣé ẹ máa bá mi dá a padà?" N kò lè fi ẹnu lásán dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn. Mo fi ẹ̀wù agbéniléfòó hàn án, mo sì ṣe àlàyé bí a ó ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní odò ìwẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó fa okùn rẹ̀ wò.

Ọjọ́ kejì ni ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Sátidé, aago méje òwúrọ̀, ni a ó pàdé ní èbúté Ìlàjẹ fún ìdánrawò náà. Màmá ní òun ń bọ̀, kí n wá ẹ̀wù kan sí i.