Igi Ìbọn Ṣakabùlà Gẹ́gẹ́ Bí Ìwé Ìtàn

Bí a bá dárúkọ ìbọn, irin ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Irin ni ó ń bú ramúramù, irin ni ó ń pani, irin náà ni a sì kà sí ti Ògún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìbọn àtijọ́ wádìí ìtàn yóò rí i pé igi tí a fi gbé irin náà ró ni ó mọ olówó rẹ̀ jù lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó rọ irin lè rọ ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀, kí ó sì lu òǹtẹ̀ kan náà sí gbogbo wọn lára. Igi nìkan ni ó gba òógùn àtẹ́lẹwọ́ ọdẹ, epo àti ẹ̀jẹ̀ ojúbọ, awọ ẹran tí a fi di ibi tí ó là, àti àmì tí olúwa rẹ̀ fi ọ̀bẹ fín sí i. Àwọn kan ń pe igi yìí ní ìdí ìbọn nítorí apá rẹ̀ tí ó máa ń kan èjìká. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó gùn dé abẹ́ irin, igi ìbọn ni ó bá a mu jù.

Ìbọn kì í ṣe ohun tí a bá láyé. Ọfà, ọ̀kọ̀, idà àti ẹṣin ni Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi kó ìlú jọ. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, sọ pé nínú ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1820 sí iwájú, ìbọn ni àwọn Ìjẹ̀bú gbé wá nígbà tí àwọn Òwu gbójú lé àgédéńgbé. Ìjẹ̀bú súnmọ́ etí òkun, wọ́n sì ń bá àwọn oníṣòwò ibẹ̀ nájà. Ìdí nìyẹn tí ìbọn fi tètè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Láàárín ogún ọdún sí i, kò sí olórí ogun tí ó tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ìbọn nínú agbo rẹ̀.

Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pe ìbọn tí àwa ń pè ní ṣakabùlà, nítorí pé àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tà á ní etí òkun wa. Àmọ́ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti wá. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni. Igi wọ́nọ́ọ̀tì tí a fi ń ṣe ìbọn àwọn ọlọ́lá ìlú Òyìnbó kọ́ ni a máa ń lò fún un. Igi bíìṣì ni ó wọ́pọ̀, wọn a sì kùn ún ní ọ̀dà pupa nígbà mìíràn. Igi bíìṣì kò lè gba ìyà ilẹ̀ wa. Ọ̀rinrin ń jẹ́ kí ó jẹrà, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí igi bá ti bàjẹ́ tán tí irin sì wà láàyè, alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kàn: wọn a gbẹ́ igi mìíràn láti inú igbó tiwa, wọn a sì tẹ́ irin àlejò náà sínú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe lè rí ìbọn tí òǹtẹ̀ Liège wà lára irin rẹ̀ tí igi rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá rí irú èyí tí ó ní ayédèrú ni kò mọ ohun tí ó ń wò. Èyí gan-an ni ó níye lórí jù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀, nígbà tí èyí tí ó wà bí ó ti ti inú àpótí jáde kò sọ ju ìtàn ẹni tí ó tà á lọ.

Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, ni ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìbọn kan àti èkejì. Ìró ìbọn náà ni a fi sọ ogun ọ̀hún lórúkọ. Ọwọ́ Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, ni ó kọ́kọ́ le. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó wá dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn Snider, èyí tí a ń ti ìdí kì tí kì í ṣe ti ẹnu, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Ọ̀nà Oǹdó ni ó wúlò fún wọn jù, nítorí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí ọ̀nà tiwọn là gaara. Lẹ́yìn èyí, ní 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ṣe àdéhùn ní Brussels pé kí a má ṣe kó ìbọn ìgbàlódé wọ Áfíríkà mọ́. Wọ́n fi àyè gba oní-òkúta-ìṣáná tí a ń kì láti ẹnu. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni wọ́n dí lọ́nà, èyí tí wọn kò kà sí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Bí ṣakabùlà ṣe di ìbọn ọdẹ nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì ni pé òun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kù sílé lónìí.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Ìkẹjà àti Agége. Ilẹ̀ Àwórì ni ibẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn ní 1901, igbó ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so orúkọ Agége pàápàá mọ́ àwọn agégi, àwọn tí ń bẹ́ igi nínú igbó ọ̀hún. Ibi tí igbó bá sì wà, ọdẹ kì í wọ́n níbẹ̀. Oko obì àti kòkó, irú èyí tí J. K. Coker dá, ni ó gba ipò igbó. Ilé iṣẹ́ ńláńlá tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà láti nǹkan bí ọdún 1950 sí iwájú. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, òpópó Ọ̀tìgbà tí ó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà, ọjà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Computer Village. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbówó lérí ni a ń wó ilé bàbá. Ìbọn tí ó ti wà lájà láti ayé bàbá bàbá a sì bọ́ sí ọwọ́ ọmọ tí kò ṣọdẹ rí, tí iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ títún fóònù ṣe.

Ohun tí olúkúlùkù mọ̀ ni ó máa ń lò. Ẹni tí ń tún fóònù ṣe mọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré, òwú àti spírítì. Búrọ́ọ̀ṣì dára fún igi ìbọn, òwú náà dára. Spírítì ni ọ̀tá. Ó máa ń yọ́ fáníìṣì àtijọ́ tí a fi oje kòkòrò ṣe, ó sì lè gbé ọ̀dà pupa tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ní ìṣẹ́jú kan. Pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi ha igi náà títí tí ó fi ń dán bí àga tuntun, ojú àmì tí ọdẹ fín, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ igi wọnú, gbogbo rẹ̀ a di ìyẹ̀fun nílẹ̀. Wọ́n ń ṣe é báyìí nítorí òkú àgbà tàbí ọdún ìdílé, kí ìbọn lè bá aṣọ ẹbí mu. Ẹbí ọ̀hún kò mọ̀ pé àwọn ń nu orúkọ bàbá àwọn kúrò.

Kí a tó fọwọ́ kan igi rárá, ọ̀rọ̀ méjì wà. Òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ni a fi ń ní in. Èkejì ni pé ìbọn tí ó ti wà lájà fún àádọ́ta ọdún lè ní ẹ̀tù àti ọta nínú síbẹ̀, ẹ̀tù gbígbẹ kì í sì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí a ti ọ̀pá igi tín-ín-rín bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kan ìdí, kí a sàmì sí ọ̀pá náà ní etí ẹnu ìbọn. Kí a wá gbé ọ̀pá yìí sí ara irin lóde. Bí orí rẹ̀ kò bá dé ibi ihò ìdáná, nǹkan wà nínú ìbọn yẹn; ọlọ́pàá ni kí a pè, kì í ṣe ọmọ àdúgbò tí ó láyà.

Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kò le. Sùúrù ni ó gbà. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni a fi ń gbá eruku kúrò, ní ọ̀nà tí igi gbà hù. Bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ọn, a ó fi òwú tí a rẹ sínú omi tí a sì fún gbẹ nù ún díẹ̀díẹ̀, a ó kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí kò hàn, a ó sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Bí òwú bá gbé àwọ̀ wá, kí a dáwọ́ dúró. Súkúrúù tí ó ti dípẹtà, kí a má fi agbára tú u, nítorí igi ni yóò ya. Àwọn ìwé àtijọ́ ń gbani níyànjú pé kí a fi òróró líńsíìdì pa igi ìbọn. Àwọn onímọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ó máa ń dú, ó máa ń le, kò sì ṣeé yọ. Epo pupa pẹ̀lú kò gbẹ, eruku ni ó ń kó jọ, kíkan rẹ̀ sì ń jẹ irin. Ìda ni ó tọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ṣe irú ìda kan ní àwọn ọdún 1950 tí kì í yọ̀ bí ìda oyin. Oyin tiwa náà lè ṣe é, bí a kò bá fi í nípọn, nítorí oòrùn wa ń mú un lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni àwọn àgbà yanjú kí a tó bí onímọ̀ kankan. Èéfín ìdáná tí ń gòkè lọ sí àjà kì í jẹ́ kí ajẹgi rímú mí. Ilé oní-gáàsì kò ní èéfín yẹn, nítorí náà ìbọn tí ó wà láìléwu ní Agége àtijọ́ lè di ìyẹ̀fun ní yàrá ìgbàlódé. Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n máa ń fi ọ̀rá di irú igi bẹ́ẹ̀ pinpin, wọn a gbé e sínú fríìsà tí ó tutù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Fríìsà tí iná ń lọ tí ń bọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí a kúkú gbé ìbọn náà sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà, tí kò kan ògiri tútù, tí kò sí lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Kí a sì máa wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù bóyá ìyẹ̀fun funfun ń jábọ́.

Ẹ̀jẹ̀ àti epo tí ó ti gbẹ mọ́ ọn láti ojúbọ Ògún ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìdílé tí ó ń bọ ọ́ lọ́dọọdún kò ní gbà kí ìbọn wọn gbẹ láìjẹun. Onílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò sì fẹ́ kí a fi kún un. Kí ìdílé tí ó ṣì ń bọ Ògún máa bọ ọ́, nítorí nǹkan wọn ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ èyí tí ó ti gbẹ kúrò, ìbáà jẹ́ nítorí ìjọ tàbí nítorí oge. Èyí tí ìdílé kò bá lè tọ́jú mọ́, òfin 1979 tí ó dá àjọ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò fàyè gbà pé kí a tà á sí òkè òkun láìgbàṣẹ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Oníkàn, ní Èkó, láti 1957. Kí a tó gbé e lọ, kí a fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, ìlú rẹ̀, àti ohun tí àgbà ilé lè rántí sórí káàdì kan, kí a fi òwú funfun so ó mọ́ ọn, kí a má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi.