Ìbòrí Tó Ń Ṣí Lára Ògiri Amọ̀ ní Kétu

Àkàbà Ìdènà ni ẹnu ibodè Kétu àtijọ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1886, nítorí náà ohun àtijọ́ tó kù níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Sìmẹ́ǹtì tàbí pẹlẹbẹ òkúta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri amọ̀ kì í pẹ́ ṣí. Amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ó jáde. Amọ̀ á rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìbòrí á wú, á sì já lu ẹni tó ń kọjá. A máa ń gbọ́ pé sìmẹ́ǹtì ló ń mú ilé lágbára. Ti búlọ́ọ̀kù nìyẹn.

Ẹ fi okùn dínà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi igi ti èyí tó fẹ́ já. Ẹ rọra kan án: ibi tó bá dún bí agbè òfìfo ti ṣí. Ẹ má kàn án ní ìṣó, yóò la ògiri. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí omi ń gbà wọlé, ìbáà ṣe òrùlé tàbí ẹsẹ̀ ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìbòrí náà láti òkè wá, ẹ fi erùpẹ̀ pupa àdúgbò tí a pò mọ́ koríko gígé rẹ́ ẹ ní ìpele tínrín.

Ní ti Àkàbà Ìdènà fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún ààfin Alákétu kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.