Iṣẹ́ Ìkòkò Kò Mọ ní Ìdí Ààrò

Bí ìnáwó bá dé ní Ìtamága, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìkòkò alumíníọ́mù ràgàjì ni àwọn alásè ń gbé ka iná igi. Ọmọ òde òní tó bá rí wọn lè rò pé torí oúnjẹ nìkan ni ìkòkò ṣe wà. Àwọn ìyá ìyá wa ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ìkòkò amọ̀ wúlò nídìí oúnjẹ àti omi. Ìṣaasùn ló ń se ọbẹ̀, agbada ló ń yan gàrí, àmù sì ń mú omi tutù ní kọ̀rọ̀ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo aláró ayé àtijọ́ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìkòkò ni gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á di eérú sínú èyí tó níhò nídìí, wọ́n á gbé e lé òmíràn lórí, wọ́n á bu omi sí i, omi eérú á sì máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú omi yìí ni wọ́n ń rẹ ewé elú sí, èyí tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì sá gbẹ. Ó di ọjọ́ mélòó kan kí aró tó jinná. Ìyá Mapó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni wọ́n ń bẹ̀ kí aró má bàjẹ́. Òun kan náà ló ni iṣẹ́ amọ̀ mímọ. Ìgbà tí sódà òyìnbó dé ni eérú sísẹ́ dínkù.

Ojúbọ náà nílò ìkòkò. Ní Òkè-Ọ̀dàn, nílẹ̀ Yewa, Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1885, mọ àwo ọta òrìṣà Ẹ̀yìnlẹ̀ tó lókìkí. Omi odò àti ọta ló ń wà nínú rẹ̀, ère obìnrin sì wà lórí ìdérí. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa Àbátàn lọ́dún 1969.

Ilé-Ifẹ̀ ló yani lẹ́nu jù. Ní Igbó Olókun, ìkòkò ni wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìkòkò tó fọ́ pàápàá kò di ẹ̀gbin: wọ́n to àpáàdì ní ìdúró, wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Ìtàn ìlú ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Frank Willett hú irú ilẹ̀ yìí jáde ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà ò kẹ̀rẹ̀. Ìkòkò idẹ wọn jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tó bá borí nínú ìdíje. Ní erékùṣù Kírétè, òfin a máa ka owó ìtanràn ní iye ìkòkò. Tiwa ò di owó, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde bọ́ sọ́rùn ọba.

Ní Dada àti Òkèlélé n'Ílọrin, àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò. Wọ́n á dojú ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, wọ́n á lu amọ̀ lé e lẹ́yìn títí á fi gba ìrísí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sun ún ní gbangba. Ẹni tí àmù ìyá àgbà bá ṣì wà nílé rẹ̀, kó má gbé e sọ sí ààtàn. Kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n ti fi ṣe rí.