Lílo Cloud fún Àwòrán Ìṣègùn

Lílo cloud fún àwòrán ìṣègùn ni pé kí ilé ìwòsàn máa kó àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ X-ray, CT, MRI àti ultrasound bá yà pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn tó wà lọ́nà jíjìn, kí àwọn dókítà sì máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wò ó. Ilé ìwòsàn kò ní láti ra kọ̀ǹpútà náà. Ìwọ̀n ààyè tó bá lò ni yóò máa sanwó rẹ̀.

Ìtàn

Oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní ìlú Würzburg, ní Jámánì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí fíìmù ni àwòrán ń wà: aláìsàn á kì í bọ àpòòwé ńlá, á máa gbé e láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Bó bá sọnù, àfi kí wọ́n tún un yà. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1971, ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe kọ́kọ́ ya orí aláìsàn ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley, ní London. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò àwòrán yẹn jáde. Ní ọdún 1993, ìlànà tí wọ́n ń pè ní DICOM jáde, èyí tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè ka àwòrán tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn yà. Nígbà tí Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààyè ìkópamọ́ rẹ́ǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2006, ọ̀nà là fún kíkó àwòrán ìṣègùn sórí cloud.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwòrán CT kan sábà máa ń ní àmì 512 ní ìbú àti 512 ní òró, èyí tó tó ìdajì megabyte. Àyẹ̀wò ẹnì kan ṣoṣo lè ní 1,000 irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 500 megabyte. Kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú ilé ìwòsàn ló ń gba àwòrán lọ́wọ́ ẹ̀rọ, tó ń fún un pọ̀ láìjẹ́ kí ohunkóhun sọnù nínú rẹ̀, tó ń tì í pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, tó sì ń fi í ránṣẹ́. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí aláìsàn wà nínú fáìlì DICOM pẹ̀lú àwòrán. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún ìwádìí.

Àǹfààní

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọ lu ènìyàn lóru, dókítà tó mọ àwòrán kà lè ti ilé rẹ̀ wò ó lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ìgbèríko tó ní ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí kò ní irú dókítà bẹ́ẹ̀ náà ń jàǹfààní. Bí iná bá jó ilé ìwòsàn, àwòrán kò bá a lọ. Ní Amẹ́ríkà, ibi ìkópamọ́ tí wọ́n ń pè ní Imaging Data Commons kó àwòrán àrùn jẹjẹrẹ sórí cloud fún àwọn olùwádìí.

Ewu

Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Greenbone ti Jámánì rí i pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àwòrán aláìsàn káàkiri ayé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìní password. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ààbò àrà ọ̀tọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sì lè dákẹ́: ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ létí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Nítorí náà, ó dára kí ẹ̀dà àwòrán tuntun wà nínú ilé ìwòsàn, kí èyí tó ti pẹ́ wà lórí cloud. Kí ilé ìwòsàn tó tọwọ́ bọ̀wé, ó yẹ kó béèrè orílẹ̀-èdè tí àwòrán yóò wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í pa yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye tí yóò ná an láti kó o jáde. Ilé ìwòsàn lè gbé àwòrán lọ sórí cloud, ṣùgbọ́n ojúṣe rẹ̀ sí aláìsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.