Ẹ̀dà Tí A Kò Tíì Dá Padà Rí

 Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Ọ̀rọ̀ náà ni bí a ti ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, àti bí a ti ń dá iṣẹ́ náà padà sípò nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà tí mo ní lọ́kàn jù lọ ni èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń tọ̀ lọ láti gba ìwé àti ohùn, èyí tí a ń pè ní sáfà, tí ètò ìdarí méjì sì jọ ń gbé inú rẹ̀. Ètò ìdarí ni ètò tí ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti ìgbà tí a bá ti tàn án títí a ó fi pa á. Mo fẹ́ fi yé yín pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni èyí, àti pé ó kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Aradagun. Aradagun wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ní agbègbè tí àwọn Àwórì àti àwọn Ègùn ti jọ ń gbé láti ayébáyé. Ní ilé kan níbẹ̀ ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé sáfà kékeré kan kalẹ̀ sí, tí a ń kó ohùn àwọn àgbàlagbà agbègbè náà sí. Linux ni ó ń tọ́jú ohùn náà. Windows, tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan náà, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tẹ ìwé. Ní alaalẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sórí dísìkì kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ààrá sán, iná gba inú wáyà wọlé, ó sì jó ẹ̀rọ náà. Mo ra òmíràn, mo gbé dísìkì ẹ̀dà jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ padà. Nígbà náà ni ojú mi tó là. Mẹ́rin nínú àwọn fáìlì ohùn wa ń jẹ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹ̀kíní jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó. Ẹ̀kejì jẹ́ ti iṣẹ́ oko. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti bí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ohun ìjà àwọn baba wa. Ètò àtijọ́ tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà kò mọ àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń kọ sílẹ̀ ní “oko”. Bí ó bá ti kọ ọ̀kan, èyí tí ó tẹ̀lé e a bò ó mọ́lẹ̀. Kò kígbe, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Fáìlì kan ṣoṣo ni mo bá lórí dísìkì náà, ọ̀rọ̀ nípa ọ̀kọ̀ sì ni. Baba tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gbígbẹ́ fún wa ti di olóògbé.

Ìtàn kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí ó yẹ kí ó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Àlùfáà Samuel Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, a sì fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó. Ìwé náà sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan iṣẹ́ náà mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Nígbà tí a fi ti ẹ̀ẹ̀kejì ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé, 1921 ni ó sì tó jáde. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe pé Obadiah rí ìwé tí ó sọnù. Ohun tí ó gba iṣẹ́ náà là ni pé àkọsílẹ̀ mìíràn wà níbòmíràn, àti pé ẹni kan wà tí ó mọ bí a ṣe lè kà á, tí ó sì lè tò ó padà. Ohun méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lé.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ti pẹ́. UNIVAC ti Amẹ́ríkà ti ń lo téèpù irin ní 1951. Ilé-iṣẹ́ IBM sì gbé ẹ̀rọ téèpù tirẹ̀ jáde ní 1952. Orí téèpù bẹ́ẹ̀ ni a ti ń tọ́jú iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò ìdarí Unix ní ilé ìwádìí Bell. Ní 1979 ni irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní tar bá ẹ̀yà keje Unix jáde. Orúkọ náà jẹ́ ìgékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó túmọ̀ sí àkójọ orí téèpù. A ṣì ń lo tar títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó kò fojú kan téèpù rí.

Kí ètò ìdarí méjì jọ gbé inú ẹ̀rọ kan kì í ṣe ohun tuntun pẹ̀lú. Ní 1972, IBM kéde VM/370, èyí tí ó mú kí ẹ̀rọ ńlá kan máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ púpọ̀ ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ètò ìdarí tirẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde ní 1991. Microsoft gbé Windows NT jáde ní 1993. Ṣùgbọ́n èdè àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ní ìparí 1991 ni Andrew Tridgell, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó di Samba, èyí tí ó jẹ́ ògbufọ̀ láàárín ẹ̀rọ irú Unix àti kọ̀ǹpútà Windows. Ní 1996, òun àti Paul Mackerras tún ṣe rsync, irinṣẹ́ tí kì í tún gbogbo iṣẹ́ kó lọ bí kò ṣe ibi tí ó yí padà nìkan. Irinṣẹ́ wọ̀nyí wúlò púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń fi Windows tẹ ìwé, tí sáfà sì ń lo Linux.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọba kì í pé méjì láàfin. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ni a fi ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká. Ọ̀nà kíní ni pé kí ọ̀kan sùn nígbà tí èkejì bá ń jọba; ẹni tí ó tan ẹ̀rọ ni yóò yan èyí tí òun fẹ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí méjèèjì máa jọba lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n lábẹ́ ètò kẹta tí ń pín ẹ̀rọ fún wọn. Èyí ó wù kí a lò, ohun mẹ́rin ni ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà gbọ́dọ̀ fiyè sí.

Èkíní ni orúkọ. Lójú Linux, “Oko” àti “oko” jẹ́ fáìlì méjì. Windows a máa kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tiwa tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà ìkọ̀wé tí àwọn kọ̀ǹpútà Yúróòpù ń lò tẹ́lẹ̀ ní é àti è, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Unicode, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó wá fún wa ní àyè. Síbẹ̀, ẹ́ kò ní àmì kan ṣoṣo tí ó dá dúró fún un níbẹ̀. A ní láti kan àmì mọ́ lẹ́tà ni, ọ̀nà tí a sì lè gbà kàn án ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa yóò rí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rọ yóò sì rí orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni fáìlì. Unix a máa kọ ọ́ ní ṣókí: kí ni ẹni tí ó ni ín lè ṣe, kí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe, kí sì ni àwọn yòókù lè ṣe. Windows NT ní ìwé orúkọ gígùn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi irinṣẹ́ ẹnìkan ṣe ẹ̀dà ti èkejì, iṣẹ́ lè padà dé pérépéré kí olówó rẹ̀ má lè ṣí i, tàbí kí ẹni tí kò yẹ kí ó rí i máa kà á.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn àbáwọlé. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà wà ní ibẹ̀rẹ̀ dísìkì, ní àyè tí kò ju báìtì 512 lọ. Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, ó ní yàrá kékeré tirẹ̀. Àyè yìí kì í ṣe fáìlì lásán, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀dà fáìlì nìkan kò mú un dání. Bí a bá sì tún Windows gbé kalẹ̀ lẹ́yìn Linux, ó lè gba ilẹ̀kùn náà kí Linux má rí ọ̀nà jí. Nítorí èyí, Windows ni a ń kọ́kọ́ dá padà, Linux a tẹ̀lé e, àtúnṣe ilẹ̀kùn ni a ó fi kádìí.

Ẹ̀kẹrin ni aago. Windows a máa ka aago inú ẹ̀rọ sí aago ìlú tí a wà. Linux a sábà máa kà á sí aago àgbáyé. Wákàtí kan ni ó wà láàárín méjèèjì ní Nàìjíríà. Bí a kò bá jẹ́ kí ẹnu wọn kò, irinṣẹ́ tí ń fi àsìkò mọ fáìlì tí ó yí padà lè fo iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó mú.

Ẹnìkan lè sọ pé àìmọ̀ tèmi ni ó fa àdánù Aradagun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà pàápàá ti kọsẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù kíní, 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab ṣèèṣì pa iṣẹ́ rẹ́ lórí sáfà wọn. Wọ́n ní oríṣiríṣi ọ̀nà ìṣẹ̀dà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yíjú sí wọn, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n gbójú lé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kan tí ẹnìkan ti yà sọ́tọ̀ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó kó wọn yọ, iṣẹ́ wákàtí wọ̀nyí sì ṣègbé. Wọn kò fi bò. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ a máa gbani níyànjú pé kí iṣẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìkópamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Dísìkì tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gan-an. Oríire ni pé ààrá kò jó o pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè òkun nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Yúróòpù nìkan yóò jókòó tì í ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀kan nílé, ọ̀kan nílùú mìíràn, ọ̀kan lókè òkun.

Kí wá ni kí olùkọ́ ṣe? Kí ó máa dá ẹ̀dà padà sórí ẹ̀rọ mìíràn nígbà tí kò sí wàhálà. Kí ó ka iye fáìlì tí ó wà ní ìhà méjèèjì. Kí ó ṣí díẹ̀ nínú wọn, kí ó gbọ́ ohùn wọn, kí ó wo orúkọ wọn bóyá àmì pé. Kí ó jí ètò ìdarí méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó sì kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn lè ṣe é bí òun kò bá sí nílé. Ẹ̀dà tí a kò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni.

Ní ti àwọn ohùn wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọkọ àti ọkọ́ nínú fóònù rẹ̀, ó sì dá wọn padà fún wa. A kò rí ọkọ̀. Mo ti padà lọ sí etí ọ̀sà láti wá ẹlòmíràn tí ó mọ bí a ti ń gbẹ́ ẹ. Wọ́n fi ọ̀dọ́kùnrin kan hàn mí. Ó rántí díẹ̀, kò rántí gbogbo rẹ̀. A ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta ni ó sì ní, mo ti ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.