Láti orín dé ọṣẹ ìfọyín: ohun tí ẹnu ń mọ̀

Kí ọṣẹ ìfọyín tó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, orín ni àwọn baba ńlá wa ń rún láàárọ̀. Orín ata a máa ta ẹnu, ahọ́n á sì kú díẹ̀; ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnu ti mọ́ nìyẹn.

Ní 1873, Colgate bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ ìfọyín inú ìgò ní Amẹ́ríkà. Ní 1896, ó di ti inú túùbù. Ọṣẹ náà gbọ́dọ̀ rọ̀ tí a bá fún un, kó sì ki tó láti jókòó sórí búrọ́ọ̀ṣì láìṣàn. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, lúbúlúbú ẹfun ló ń ha ìdọ̀tí kúrò lára eyín. Irú ẹfun yìí ló wà nínú òkúta Ewékorò tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Bí kò bá kúnná, yóò dà bí iyanrìn lẹ́nu.

Lónìí, bí ọṣẹ kò bá hó, a ó ní ẹnu kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ orín kì í hó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, orúkọ orín mélòó lẹ mọ̀? Tí orín bá lọ, orúkọ rẹ̀ yóò bá a lọ.