Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn Búdà Nínú Ìtọ́jú Bárakú: Bí Yorùbá Ṣe Lè Pè Wọ́n

Ìtọ́jú bárakú ọtí àti oògùn olóró ti yá ọ̀nà mélòó kan lò láti inú ẹ̀sìn Búdà. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí G. Alan Marlatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní Seattle. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, ènìyàn 286 ló kópa; lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ tí àwọn tó gba ètò náà lo oògùn kéré sí ti àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn. Èdè Páálì ni orísun púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí.

Sati ni ìpìlẹ̀ ètò náà. Ó kó ìrántí àti àkíyèsí pọ̀. Ní Yorùbá, ìfiyèsí ló bá a mu jù, torí iyè tó wà láàárín rẹ̀ ni Yorùbá fi ń rántí nǹkan, gẹ́gẹ́ bó ti hàn nínú ìsọyè. Àṣàrò kò bá ìjókòó tí a fi ń kọ́ sati mu: ẹni tó ń ṣàṣàrò ń ro ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, ẹni tó jókòó yìí ń wo èémí tó ń wọlé tó ń jáde.

Taṇhā, tí Búdà pè ní orísun ìjìyà, òùngbẹ gan-an ni ní Páálì. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ inú Bíbélì kò yẹ ẹ́, torí ó ń dáni lẹ́bi. Òùngbẹ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Marlatt fi òùngbẹ yìí wé ìgbì òkun tó ń ru sókè tó sì ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Gígun ìgbì ni a lè pe wíwò ó títí yóò fi rọlẹ̀.

Marlatt tún ya mímu ẹ̀ẹ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára pípadà sídìí ọtí pátápátá. Ìkọsẹ̀ yẹ èkíní, ìfàsẹ́yìn yẹ èkejì. Ìpẹ̀yìndà yóò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ Marlatt ṣàlàyé pé ìdára-ẹni-lẹ́bi lẹ́yìn ìkọsẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìfàsẹ́yìn.

Ìwà ọkàn mẹ́rin tún wà tí ẹ̀sìn Búdà ń kọ́ni: mettā (inúure), karuṇā (àánú), muditā (ìbániyọ̀) àti upekkhā (ìdúródéédéé ọkàn). Ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, Buddhaghosa, onímọ̀ ẹ̀sìn Búdà, kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Visuddhimagga, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Ìbànújẹ́ jọ karuṇā, nítorí náà ìbákẹ́dùn, tó sún mọ́ ọ̀fọ̀, kò tó àánú. Àìbìkítà jọ upekkhā, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró déédéé ṣì bìkítà. Kìkì pé ìdùnnú tàbí ìbínú kò lè gbé e lọ ni. Ìbàlẹ̀ ọkàn náà kò tó, torí ìgbà tí nǹkan bá dára ni a sábà ń sọ pé ọkàn ẹni balẹ̀.

Bí àánú bá wá kan ara ẹni, ṣíṣàánú ara ẹni ni kí a lò. Kíkáàánú ara ẹni yàtọ̀: arò ni, ó sì lè ti ènìyàn padà sídìí ìgò.